Sọ́rì Orí Ọ̀kadà

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èmi fojú ara mi rí méjèèjì lọ́jọ́ kan, ní oríta abúlé wa.

Sùbérù ọlọ́kadà ló tẹ ajá Ọdẹ́yínká pa. Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà, òun ló sì gba ọdẹ yìí lọ́wọ́ ẹfọ̀n lọ́dún tó kọjá. Sùbérù ò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó gẹlẹtẹ sórí ọ̀kadà, ó ní, "Sọ́rì, bàbá."

 Ọdẹ́yínká sọ ìbọn kalẹ̀ léjìká, ó nà án sí Sùbérù láyà. 

"Ṣebí mo ti ní sọ́rì! Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Tíṣà àgbà tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sáàárín wọn. "Sùbérù, àwọn Òyìnbó tó ni ọ̀rọ̀ sọ́rì yẹn, ara 'sore', ìyẹn egbò, ni wọ́n ti fà á yọ. Níbo ló ń dùn ọ́?"

Sùbérù wo ajá náà títí. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bò ó, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹ̀jẹ̀. "Bàbá, mo jẹ̀bi. Ẹ dákun."

Ìka ọdẹ kúrò lára ìbọn. "Akọ pẹ̀lẹ́ lo kọ́kọ́ kí mi," ló wí. "Dìde, wá bá mi gbẹ́ ilẹ̀ tá a máa sin ín sí."