Ìdí Tí Ojú Alágẹmọ Fi Ń Wo Ọ̀nà Méjì

Nígbà láéláé, nígbà tí ìbọn kò tíì dé ìlú ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ọrun àti ọfà ni àwọn ọdẹ ń gbé wọ igbó, ojú méjèèjì Alágẹmọ máa ń wo ibì kan náà. Bí ọ̀tún bá wo igi, òsì náà á wo igi yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá a lójú. Bó bá ti gbé e síwájú, ó ti gbé e nìyẹn, kì í fà á sẹ́yìn.

Iṣẹ́ gidi ni Alágẹmọ ń ṣe láyé ìgbà náà. Èjìká ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́dínà ló máa ń jókòó sí, òun ló sì ń bá a wo bí ẹran ṣe jìnnà tó. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Bí ẹran bá wà nítòsí, ọdẹ á ta ọfà ní tààrà. Bó bá jìnnà, á gbé ẹnu ọfà sókè, kó lè fò dáadáa kó tó balẹ̀. Ọdẹ tó bá ṣi iye ìṣísẹ̀ mọ̀, koríko ni yóò ta lọ́fà.

Alágẹmọ á tẹjú mọ́ ẹran, á wò ó títí, lẹ́yìn náà á sọ iye ìṣísẹ̀ sí Ọdẹ́dínà létí. Kì í ṣì í. Ọdẹ́dínà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá pa ẹran, eṣinṣin tó bá kọ́kọ́ bà lé e, ti Alágẹmọ ni. Àwọn ará abúlé ń pè é ní Ojú Ọdẹ. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju eṣinṣin lọ.

Àléébù kan ló ní: ó lọ́ra. Kó tó wò, kó tó tún un wò, kó tó gbé itọ́ mì, ẹran ti jẹko yó, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́ sì rèé, tí eruku bá bo ọ̀dàn, ohun tó jìnnà kì í hàn sí i rárá. Á ní kí àwọn máa lọ sílé.

Ọdún kan wá dé tí akọ ẹfọ̀n kan ń da oko rú. Ó tẹ ebè fọ́, ó kan àgbẹ̀ kan nítan, ọkùnrin náà kò sì lè ro oko mọ́. Àwọn àgbẹ̀ wá bẹ Ọdẹ́dínà pé kó gbà wọ́n. Ó gbà, ṣùgbọ́n àyà ń já a. Ó mọ̀ pé ẹfọ̀n kì í dúró de ọfà kejì, ọyẹ́ sì ti mú.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a wo ọ̀nà jíjìn. Ó ní òun ń fẹ́ ẹni tó yára, tí ọyẹ́ kò lè dí lójú, tí kò sì ní wúwo lára òun. Ó dúró létí oko, ó nawọ́ sí òkìtì ọ̀gán kan tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n, tó jẹ́ ọgọ́rin ìṣísẹ̀ géérégé. Kò sọ iye náà fún ẹnikẹ́ni.

Àwòdì ló kọ́kọ́ dé. Ó fò lọ sókè réré, ó ní ibẹ̀ kò jìnnà rárá, pé bí òun bá ju apá lẹ́ẹ̀kan, òun ti débẹ̀. Ọdẹ́dínà ní iye ìṣísẹ̀ ni òun ń bi í. Àwòdì ní òun kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Ó gbé òròmọdìẹ kan, ó lọ.

Alápàándẹ̀dẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ẹyẹ kékeré tí ìrù rẹ̀ là sí méjì. Ó fò ṣòòrò lọ, ó fẹnu kan òkìtì náà, ó pa dà. Ọdẹ́dínà kò tíì ṣẹ́jú tí ẹyẹ náà fi ní ọgọ́rin ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, Alágẹmọ ṣì ń wo òkìtì.

Ọdẹ́dínà kò lé e o. Ó ní ohùn ẹyẹ náà tín-ín-rín jù, pé etí òun kò sì mú bíi ti àtijọ́, nítorí náà kí Alágẹmọ jókòó sí èjìká òun, kó máa tún ohun tí ẹyẹ bá wí sọ fún òun. Ó rò pé ìyẹn yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ń jẹ́ Ojú Ọdẹ tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹnu ẹyẹ.

Ìlara mú Alágẹmọ. Nígbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pe Alápàándẹ̀dẹ̀ ní Ojú Ọdẹ, ara rẹ̀ dúdú láti orí dé ìrù. Kò lè jẹun. Bí ẹyẹ ń jẹun, ó ń wò ó. Bí ẹyẹ ń sùn, ó ń wò ó. Bí Ọdẹ́dínà bá bá ẹyẹ rẹ́rìn-ín, ó ń ka iye ìgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ẹfọ̀n náà nínú ọ̀dàn, ọyẹ́ bò ó bí aṣọ, òjìji rẹ̀ lásán ni Ọdẹ́dínà ń rí. Alápàándẹ̀dẹ̀ fò lọ, ó fò bọ̀, ó sọ iye rẹ̀ kíákíá. Ó dún bí ogójì létí Ọdẹ́dínà, ó sì tún dún bí ogóje. Ẹ̀yin náà ẹ pè é kíákíá, kẹ́ ẹ wò ó. Ogójì kò ju ogún méjì lọ, ogún méje ni ogóje.

Ọdẹ́dínà rọra bi Alágẹmọ pé, “Ogójì ló wí, àbí ogóje?”

Alágẹmọ gbọ́ ohun tí ẹyẹ wí. Ẹfọ̀n náà súnmọ́ wọn débi pé òun gan-an rí i nínú ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí ọfà bá tàsé, wọn yóò ní ẹyẹ kò mọṣẹ́, orúkọ òun yóò sì pa dà sọ́dọ̀ òun. Kò rántí ìwo ẹfọ̀n.

Ó ní, “Ogóje ni, Bàbá.”

Ọdẹ́dínà gbà á gbọ́, nítorí Alágẹmọ kò purọ́ fún un rí. Ó gbé ẹnu ọfà sókè, ó ta á. Ọfà fò kọjá lórí ẹ̀yìn ẹfọ̀n, ó lọ há sínú koríko lọ́hùn-ún.

Ẹfọ̀n yí pa dà. Ọdẹ́dínà sáré sí igi kan, ó ń gùn ún lọ nígbà tí ìwo bá a lẹ́sẹ̀. Alápàándẹ̀dẹ̀ ló fò mọ́ ẹfọ̀n lójú, tó ń fi apá gbá a títí tó fi kúrò nídìí igi. Alágẹmọ kàn dì mọ́ ẹ̀ka ni.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Ọdẹ́dínà ya aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bi ẹyẹ ní iye tó wí. Ẹyẹ ní ogójì ni. Ó wá yíjú sí Alágẹmọ, kò pariwo mọ́ ọn.

“Alágẹmọ, ṣé ojú rẹ kò rí ẹfọ̀n yẹn ni?”

“Ojú mi kan rí i, Bàbá.”

“Èkejì ńkọ́?”

“Ara ẹyẹ ló wà.”

Ọdẹ́dínà ní, “Kó máa wà níbẹ̀.” Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro lọ sílé, kò na èjìká sí i mọ́.

Alágẹmọ fẹ́ tẹ̀ lé e. Ojú kan wo ọ̀nà, èkejì yí lọ sókè, ó ń wá ẹyẹ kiri. Ó na ẹsẹ̀ sí ewé tó wà níwájú, kò mọ bó ṣe jìnnà tó mọ́, ó fà á sẹ́yìn, ó tún nà án.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ọdẹ́dínà san, òun àti Alápàándẹ̀dẹ̀ pa ẹfọ̀n náà. Ó sì fún ẹyẹ náà láyè lábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Alápàándẹ̀dẹ̀ ti ń kọ́lé sára ilé ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kì í lé e. Láti ọjọ́ yẹn náà ni ojú Alágẹmọ kò ti wo ibì kan náà mọ́, tó ń na ẹsẹ̀, tó ń fà á sẹ́yìn lórí ẹ̀ka. Kò sì sí ọdẹ kankan tó ń bi í ní iye ìṣísẹ̀ mọ́.