Agégíláàsì àti Edé Akànṣẹ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí òkun ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ gíláàsì ló ń ṣe. Òun ló ń gé gíláàsì ojú fèrèsé fún gbogbo àdúgbò, òun náà ló ń ṣe férémù àwòrán àwọn tó ti kú fún àwọn ọmọ wọn. Kì í kánjú, gíláàsì kì í sì í fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn apẹja tú àwọ̀n wọn sílẹ̀ létí omi, wọ́n ń ṣa ẹja. Ohun kan wà láàárín ẹja náà tí wọn kò fẹ́ fi ọwọ́ kàn. Edé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú edé tí à ń rà lọ́jà. Ara rẹ̀ pọ́n bí osùn níbì kan, ó ní àwọ̀ ewé níbòmíràn. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ti akàn. Ọ̀kan lè máa wo òkè kí èkejì máa wo ilẹ̀. Ó ní apá méjì tó ká mọ́ àyà, bó bá sì ju ọ̀kan nínú wọn lu ìsáwùrú, ìkarahun á fọ́ yángá. Akànṣẹ́ ni àwọn apẹja ń pè é. Ó ti ya ọ̀kan nínú wọn ní ìka.

Onítọ̀hún ní, “Ẹ jù ú sómi. Olóríburúkú ni.”

Agégíláàsì ní kí wọ́n fún òun.

Àwọn èèyàn rò pé eré ni. Ó gé gíláàsì tó nípọn jù lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di àpótí kékeré, ó da iyanrìn òkun sí i, ó to òkúta oníhò tí àwọn òmùwẹ̀ bá a kó láti ìsàlẹ̀ omi, ó sì ní kí àwọn apẹja bá òun pọn omi wá láti ojú agbami, níbi tí omi odò kò dé. Síbẹ̀ kò gbé edé náà sínú àpótí. Inú korobá ló fi í sí, ó ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀, ó ń dúró kí omi inú àpótí gbó. Ó ti kíyè sí i lára ẹja wẹ́wẹ́ tó ti sìn rí pé omi inú àpótí tuntun a máa tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí òkúta bá ti pẹ́ níbẹ̀, tí ara wọn ń yọ̀, tí nǹkan aláwọ̀ ewé sì ti hù sí wọn, omi náà á máa tọ́jú ara rẹ̀. Àwọn ohun tí ojú kò lè rí ló ń gbé lára òkúta àti nínú iyanrìn, àwọn ló ń jẹ ẹ̀gbin tí edé ń yà. Nígbà tí oòrùn bá fa omi àpótí sílẹ̀, kì í bu omi òkun kún un, omi òjò ló ń bù, nítorí omi nìkan ni oòrùn ń gbé lọ, iyọ̀ kò kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Wíwò ló fi mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni edé náà ṣe yè. Àwọn ènìyàn wá ń rọ́ wá wò ó. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kó bá àwọn ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀, dókítà kan náà ní kó ṣe é fún òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Obìnrin náà mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ sì mú. A máa sọ pé, “Àjàgbé, edé táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fi ń se ọbẹ̀ ni ìwọ kọ́lé fún. Ọjọ́ wo lo máa rán aṣọ fún un?” Àbúrò rẹ̀ á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti wọ aṣọ tó dára ju tiwa lọ.”

Ó dé àkókò kan tí òkun dé ẹsẹ̀ ògiri ilé wọn. Àwọn ọmọ wọn kọ́ ilé mìíràn sí òkè, níbi tó jìnnà sí omi, wọ́n ní kí àwọn àgbà méjèèjì máa bọ̀. Agégíláàsì kọ́kọ́ gbé àpótí tuntun, tó tóbi ju ti àtijọ́, lọ sí ilé náà. Ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta rẹ̀ sí i pẹ̀lú omi òkun, ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ ilé. Iyanrìn, òkúta díẹ̀, àti òkúta oníhò kan tí edé ń sùn sí ló kù nínú àpótí àtijọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìkẹ́rù pé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣáájú. Nínú ìdílé wọn, wọn kì í kó ohun tí a kò fọ̀ wọ ilé tuntun. Ìyá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá wọn ló sì kọ́ ọ. Ìkòkò, ẹní, títí kan ìsàlẹ̀ bàtà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀. Obìnrin náà wọ yàrá àbúrò rẹ̀ nínú ilé tuntun, ó bá àpótí tó kún fún òkúta tó ń yọ̀, tó ń rùn bí etí òkun. Ó da omi rẹ̀ nù. Ó fi kànrìnkàn, ọṣẹ àti bílíìṣì fọ òkúta náà títí wọ́n fi funfun bí eyín. Ó wá pọn omi kànga tó mọ́ gaara kún àpótí náà, ó jókòó, ó ń retí kí àbúrò òun wá dúpẹ́.

Àbúrò rẹ̀ dé, ó gbé korobá lé orí itan nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Òkúta oníhò wà nínú rẹ̀, edé sì wà nínú ihò. Ó wọlé, ó rí àpótí, ó sì dúró.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “O ò tilẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Wò ó bó ṣe ń dán.”

Awakọ̀ ní, “Bàbá, ẹ da edé yẹn sínú omi yìí ká sinmi. Ó mọ́ ju èyí tí à ń mu nílé wa lọ.”

Ó mọ̀ pé bí edé náà bá kan omi yẹn, kò ní rí ọjọ́ kejì. Inú rẹ̀ gbóná. Ọ̀rọ̀ líle kan dé ètè rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó gbé korobá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ife yìí. Ẹ máa bu omi inú korobá, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ máa dà á padà, kí edé lè rí èémí. Ẹ má dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ padà lọ sílé àtijọ́.”

“Padà lọ ṣe kí ni?”

“Ohun tí ẹ fọ̀ dànù ló ń mú un yè. Ìyókù rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.”

Obìnrin náà gba ife. Lẹ́yìn náà ó ní, “O ò sọ fún mi.”

“Òótọ́ ni. Mi ò sọ fún yín.”

Òun àti awakọ̀ padà. Òkun ti wọ yàrá, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ògiri tó kọjú sí omi ti là. Ó rọ omi àpótí sínú kẹ́ẹ̀gì, ó kó òkúta pẹ̀lú ìyọ̀ ara wọn, ó bo iyanrìn pẹ̀lú aṣọ tútù, kò ṣan ohunkóhun, ó sì gbé àpótí náà àti ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ sọ́kọ̀. Awakọ̀ ń pariwo pé kó yára. Ó yára, ṣùgbọ́n kò kánjú.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń bu omi, ó ń dà á. Àwọn ọmọ ti ní kó jẹ́ kí àwọn gbà á, ó kọ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ fún korobá pé, “Ìwọ edé yìí, má kú mọ́ mi lọ́wọ́ o. Bí o bá kú, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ ìyá mi?”

Agégíláàsì to àpótí àtijọ́ padà: iyanrìn, òkúta, omi, lẹ́yìn náà edé pẹ̀lú òkúta tó ń sùn sí. Ó so ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi mọ́ ọn. Edé kò yọjú. Ilẹ̀ mọ́, kò yọjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kúrò nídìí àpótí. Nígbà tó yá, ó ju ìsáwùrú kan sí i. Ojú méjì yọ láti inú ihò, ọ̀kan ń wò ó, ọ̀kan ń wo oúnjẹ. Wọ́n sì gbọ́ ọ láti ọ̀ọ̀dẹ̀: kọ́!

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àjàgbé, wá o. Ó ń jà.”

Ìwọ tí o ti kun yàrá sílẹ̀ de ìyá rẹ, tí o ti ra ibùsùn tuntun, tí o ń lọ mú un wá láti abúlé lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga tó ti tẹ̀ yẹn, ìkòkò tó ti dúdú, àkísà aṣọ tó ń fi bo orókún, obìnrin òdìkejì ọ̀nà tó ń wá bá a sọ ọ̀rọ̀ kan náà láràárọ̀, má pe èyíkéyìí nínú wọn ní ìdọ̀tí kí o tó bi í. Kó wọn tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe wà. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yín wọkọ̀, kó sun ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ yín. Bí o bá sì ti da nǹkan rẹ̀ nù, má dúró máa wí àwíjàre. Yí ọkọ̀ padà. Nígbà tó bá dé ilé rẹ, tó sì dákẹ́, tí kò fẹ́ jáde sí pálọ̀, má bínú, má sì pè é ní aláìmoore. Fa àga, kí o jókòó tì í.