Ọkùnrin Tó Ń Ṣí Ewé Ara Òkúta Wò

Ọkùnrin kan wà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì fẹ́ ìyàwó mìíràn lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ kú. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ jẹ́ ibòòji lábẹ́ igi máńgòrò, òòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ó ní òun yóò gbin ewé ara òkúta síbẹ̀, ewé kéékèèké tó máa ń bo ẹnu kànga nígbà òjò, tí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tọ́jú ọgbà bù ú fún un, ó sì kọ́ ọ pé, "Fi omi òjò rin òkúta, tẹ ewé náà mọ́ ọn, kó o wá fi í sílẹ̀ kó fara mọ́ òkúta. Kò ní gbòǹgbò. Fífara mọ́ nìkan ló mọ̀."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, ohun táwọn èèyàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha dànù lẹ ń tọ́jú bí ọmọ tuntun yìí?"

Ẹ̀rín yẹn ni ọkùnrin náà gbé sọ́kàn. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í di rúsúrúsú, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyàwó ló ń ha á nígbà tí òun kò bá sí nílé. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń ṣí etí ewé sókè wò, bóyá ọwọ́ ti kàn án. Bó bá jáde tó dé, á tún ṣí i wò. Ó to igi ìgbálẹ̀ lé e lórí, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Ó ń wo èékánná ìyàwó nídìí oúnjẹ. Bí obìnrin náà bá pẹ́ nídìí ọwọ́ fífọ̀, ó di ọ̀rọ̀. Bí kò bá sì fọ ọwọ́, ọ̀rọ̀ náà ni. Ilé sú obìnrin náà. Ewé ń kú, ọkùnrin náà ń lẹ òmíràn, ìyẹn náà ń kú.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tí ìyàwó náà ti bí kó tó fẹ́ ọkùnrin yìí bímọ ní ìlú mìíràn, ìyàwó sì lọ bá a wẹ ọmọ. Inú ọkọ dùn. Ó ní, "Ó yá, ká wá wò ó báyìí." Ó lẹ ewé tuntun, síbẹ̀ kò yé ṣí i wò, nítorí ta ló mọ̀ bóyá obìnrin náà ti rán ará ilé kejì sí i? Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ.

Ó wá wọ ilé ìdáná lọ wá ẹ̀rí. Lójú fèrèsé, lẹ́yìn ìkòkò, ó rí ìgò kọfí kan tí wọ́n dé pa. Ewé ara òkúta kún inú rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó ní ọwọ́ ti tẹ olè. Ó pe ìyàwó lórí fóònù, ó pariwo: "Mo ti rí ibi tó ò ń kó o pamọ́ sí!"

Obìnrin náà dá a lóhùn. Ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ dà sórí ààtàn ni mo ṣà. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Mo wọ́n omi sí i, mo dé e, mi ò sì ṣí i mọ́ láti oṣù mẹ́rin."

Ọkùnrin náà wo ìka ara rẹ̀. Ìtìjú mú un. Ó béèrè pé, "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀," obìnrin náà wí. "Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, ọjọ́ wo lẹ fi mí sílẹ̀ kí n fara mọ́ yín?"

 Títí di òní, yàrá obìnrin náà ṣófo.

Ìwọ tó o ní kí n bá ọ pe ìyàwó rẹ, kí n bi í léèrè ohun tó ń mú un pẹ́ ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Mi ò ní í pè é. O ti tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, o ò rí nǹkan kan, inú sì ń bí ọ pé o ò rí nǹkan kan. Dìde, máa lọ sílé. Bó bá wọlé lónìí, kí i káàbọ̀, gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì má bi í ní ohunkóhun.