Lẹ́ǹsì Tó Mú Ojú Kan Ṣoṣo

Ọmọbìnrin kan wà ní fásítì tó fẹ́ràn fọ́tò yíyà ju oúnjẹ lọ. Kì í ṣe àwàdà. Bí owó oúnjẹ rẹ̀ bá ti wọlé, ìdajì rẹ̀ á bá ti kámẹ́rà lọ, gàrí ni yóò sì fi parí oṣù. Kámẹ́rà àlòkù ló ní, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó bá a wá láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Lẹ́ǹsì náà kò wù ú. Ó ń mú ohun gbogbo bákan náà, ìyàwó àti ike omi tó wà lẹ́yìn ìyàwó.

Irú èyí tí kì í fa ohun tó jìnnà mọ́ra ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ibi tí ayàwòrán bá dúró sí ni lẹ́ǹsì yẹn ti ń wò. Àmọ́ bí ó bá ti mú ojú èèyàn kan, ojú náà á mọ́ kedere débi pé a lè ka irun ìpéǹpéjú, gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ á sì yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òbí wọn rí já jẹ ní in. Òun kò ní in. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé a máa tó o.

Màmá tó bí bàbá rẹ̀ wá ránṣẹ́ pe gbogbo ọmọ rẹ̀ sílé ní Sátidé kan. Kò sí ayẹyẹ níbẹ̀. Ohun tí màmá ń fẹ́ kò ju fọ́tò kan lọ, èyí tí òun àti gbogbo ọmọ òun á jọ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ síbi tí òun á ti máa rí i lórí ibùsùn. Kò ní irú rẹ̀ rí. Àkọ́bí rẹ̀ ti bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ó sì ti pẹ́ tó ti fi ẹsẹ̀ kan ilé náà kẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun á wá.

"A ò ní wá onífọ́tò kankan," ni bàbá ọmọbìnrin náà sọ fún un lórí fóònù. "Ìwọ lo máa yà wá. Jọ̀ọ́, nítorí màmá, má jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́."

Inú ọmọ dùn. Ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi lẹ́ǹsì olówó ńlá náà dánra wò títí di Mọ́ńdè. Ọkùnrin náà ní kò burú, kó fi tirẹ̀ dógò. Kíá ló bọ́ ọ sílẹ̀, bí ẹni bọ́ bàtà tó ń há a lẹ́sẹ̀.

"Kọ́kọ́ lọ fi kọ́wọ́ o," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó bí èèyàn bá pọ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo ti wò ó lórí fóònù."

Ẹ ò rí nǹkan. Lórí fóònù!

Lọ́jọ́ náà, màmá jókòó sórí àga níwájú ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́bí pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀. Ó dé fìlà funfun, ó sì lọ dúró sẹ́yìn pátápátá, bí ẹni tí kò dá lójú pé àyè òun ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin náà nawọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Màmá kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ẹ̀rín tó bọ́ sí i lójú, kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀rín yẹn ni ọmọbìnrin náà gbájú mọ́. Ó ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo, ó ń yà, ó ń yà. Nígbà tó wo gíláàsì kékeré tó ń fi fọ́tò hàn lẹ́yìn kámẹ́rà, ilà ojú màmá hàn rekete, ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Ó rò pé òun ti di ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò dúró jẹun. Ó ní òun á padà wá lọ́dún tuntun.

Ní Mọ́ńdè, ó dá lẹ́ǹsì padà, ó gba tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí fọ́tò náà, wọ́n sì pariwo.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí bàbá rẹ̀ fi pè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ."

"Ibo ni wọ́n lọ, Dádì?"

"Wọ́n ṣubú níbi iṣẹ́. Wọn ò dìde mọ́."

Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ láìmọ ìgbà tó jókòó. Bàbá rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. "Màmá ń bèèrè fọ́tò yẹn. Tẹ̀ ẹ́ jáde, kó tóbi."

Níbi tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà ńlá. Ó ní kí ọkùnrin ibẹ̀ jẹ́ kí ojú ẹni tó dé fìlà funfun hàn dáadáa. Ọkùnrin náà fẹ̀ ẹ́, ó tún fẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, mi ò rí ojú kankan níbẹ̀ o."

Háà! Fìlà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ fìlà kò ju kùrukùru lọ. Kò ní imú, kò ní ẹnu. Ó ní kó ṣí òmíràn. Kùrukùru. Ó ní kó ṣí gbogbo wọn tán. Bàbá tirẹ̀ pàápàá ti ń yọ́ lọ nínú wọn. Ó wá gbìyànjú láti rántí ojú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, òun tó kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ yẹn. Kò rí nǹkan kan rántí. Ìgbà náà ló hàn sí i pé òun kò wo ọkùnrin náà rárá.

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, kò sáà sí òmíràn. Màmá gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó fi ìka nu ara fọ́tò náà, bí ẹni pé eruku ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo rí ara mi," ni màmá wí nígbà tó yá. "Ojú tèmi, mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mi dà?"

Ìwọ tí o jókòó síbí, o ti ń bú ọmọbìnrin náà nínú ọkàn rẹ. Má bú u. Ńṣe ló yá lẹ́ǹsì, ó sì dá a padà. Ìwọ ńkọ́, tó jẹ́ ojú tí Ọlọ́run dá mọ́ ọ lo fi ń ṣe é? Láti ìgbà tí o ti wọlé lo ti ń ròyìn àkọ́bí rẹ: ipò tó mú ní kíláàsì, òyìnbó tó ń sọ, iṣẹ́ dókítà tó fẹ́ kọ́. Ó dára, a bá ọ yọ̀, a ti rí i kedere. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta lo bí. Àwọn méjì yòókù kúnlẹ̀ kí ọ kí o tó jáde láàárọ̀ yìí. Ó yá, di ojú rẹ, kí o sọ bí ojú wọn ṣe rí.