Àwo Orin Ààlà Òkè-Ìyeyè

Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ìyeyè, àwọn obìnrin ni olùtọ́jú ààlà. Kò sí ìwé ilẹ̀ nínú àpótí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó iṣu tuntun wálé tán, àwọn obìnrin á tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á rìn yí gbogbo oko ìlú ká, wọ́n á sì máa kọ orin ààlà. Ẹnìkan á ṣáájú, á béèrè pé, "Ta ló ni àkùrọ̀ yìí o?" Àwọn tó kù á gbè é pé, "Ilé Ọ̀tún ló ni ín, láti ìdí ìrókò dé etí odò." Báyìí ni wọn yóò ṣe títí wọn yóò fi dárúkọ ilé gbogbo àti ilẹ̀ wọn. Ọmọ tó bá ti gbọ́ orin náà dàgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi òpin oko bàbá rẹ̀ hàn án.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ afọ́kùúta kan dé, ó fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ẹni tó ni ilẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì kọ̀wé sí ìlú pé ẹ̀rí tó ti wà ṣáájú òfin ilẹ̀ tuntun nìkan ni àwọn yóò gbà. Ẹni tí kò ní ìwé, aláìnílẹ̀ ni lójú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ náà ni wọ́n sin baba ńlá rẹ̀ sí.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni Òkè-Ìyeyè ní. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kí òfin náà tó dé, olùkọ́ ilé-ìwé kan gba orin ààlà sílẹ̀, ó sì fi ṣe àwo. Ó gbé máíkì kan síwájú Ọlátóún, ẹni tó ń lé orin, ó gbé èkejì síwájú àwọn tó ń gbè é. Nítorí náà, bí àwo náà bá ń dún, ohùn Ọlátóún á máa ti inú sípíkà òsì jáde, ègbè á máa ti inú ti ọ̀tún. Ọlátóún ti kú. Nínú àwọn tó gbè é, Àyọ̀ká nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, òun ló sì fi gèlè wé àwo kan tó kù, tó tọ́jú rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí.

Ẹ̀rọ tí ń yí àwo ṣì wà ní ilé-ìwé, sípíkà méjì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí kò sí ni sítẹ́ríò, àpótí tí ń gba ohùn lára àwo, tí ń fún un lágbára, tí ń sì pín in fún sípíkà méjèèjì. Ìlú dáwó jọ. Owó náà kò pọ̀. Wọ́n rán Adégbìtẹ́, alága àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú Àyọ̀ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sùfí, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń ta ẹ̀rọ olóhùn ní ìlú kejì.

Méjì péré ni owó wọn ká nínú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Èkínní tóbi. Iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń sáré lójú rẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí i láyà láti fi bí agbára rẹ̀ ti tó hàn. Èkejì jẹ́ àlòkù láti òkè òkun. Ó kéré, ara rẹ̀ ti họ, bọ́tìnnì mẹ́rin péré ló ní.

Sùfí bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin àgbà, kí lẹ fẹ́ fi í gbọ́?"

"Àwo ni," ni Adégbìtẹ́ dáhùn.

"Ẹ gbé e wá, ká fi dán méjèèjì wò."

"Rárá o," ni Adégbìtẹ́ wí. "Abẹ́rẹ́ ń jẹ àwo. Iwájú ìgbìmọ̀ ni yóò ti kàn án."

Sùfí tan rédíò lára èyí ńlá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mì tìtì, àwọn tó ń kọjá lọ sì yà wò ó. Lẹ́yìn náà ó fi àwo tirẹ̀ sórí èyí kékeré. Àyọ̀ká di ojú.

"Mo ń gbọ́ bí olórin yẹn ṣe ń mí," ló wí. "Ọwọ́ òsì mi ló wà. Onígìtá wà lápá ọ̀tún. Adégbìtẹ́, èyí ni ká rà."

"Èyí kẹ̀? Àpótí irinṣẹ́ mẹkáníìkì! Màmá, etí yín ti darúgbó."

"Ó darúgbó, kò kú. Tìrẹ ni mo ń ṣàníyàn fún."

Sùfí rẹ́rìn-ín. "Alága, ẹ jẹ́ n kúkú fi àwo yìí dán èyí ńlá náà wò."

"Ṣé kò dún tó ni? Di ẹrù fún wa." Ó yíjú sí Àyọ̀ká, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ ò mọ àwọn ará ìgbìmọ̀ wọ̀nyí. Ojú ni wọ́n fi ń wo èèyàn kí wọ́n tó fetí sí i. Bí a bá gbé èyí tó ti họ síwájú wọn, wọ́n á ní àwọn àgbẹ̀ ti dé."

"Ṣé a kì í ṣe àgbẹ̀ ni?"

Adégbìtẹ́ ti ń ka owó èyí ńlá fún Sùfí. Kò parọ́ ṣá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wo àwọn èèyàn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìyà burúkú tí wọ́n fi ń jẹ tálákà nìyẹn: yóò ná ìwọ̀nba owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ohun tí kò ní jẹ́ kó jọ tálákà.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Wọ́n gbé sítẹ́ríò ńlá náà sórí tábìlì, iná rẹ̀ ń sáré, alága ìgbìmọ̀ sì mi orí pé ó dára. Inú Adégbìtẹ́ dùn. Ó fi abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ohùn Ọlátóún jáde ketekete: "Ta ló ni àkùrọ̀ yìí o?"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ta ló gbin obì yìí o?"

Kò sí èsì. Adégbìtẹ́ yí bọ́tìnnì sókè. Ìbéèrè náà tún pariwo sí i, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e sì tún jinlẹ̀ sí i. Òógùn bò ó. Ó fọwọ́ lu àpótí náà, ó gbọn wáyà rẹ̀. Ọlátóún ń bi òkú àti alààyè ní ìbéèrè, sípíkà ọ̀tún sì dúró bí òkúta.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà dìde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Olúwa mi, àwọn fúnra wọn ló béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ọ́n."

Àyọ̀ká ti wà lórí ìdúró. "Ilé Ọ̀tún ló ni ín! Láti ìdí ìrókò dé etí odò!"

"Màmá, ẹ jókòó," ni alága ìgbìmọ̀ wí. "Àwo náà ni ẹ̀rí, kì í ṣe ẹnu yín ti òní."

"Ẹnu mi ló wà nínú àwo náà!"

Bí Ọlátóún ti ń béèrè ni Àyọ̀ká ń dáhùn, òun nìkan, pẹ̀lú ohùn tó ti sán, títí ọlọ́pàá fi dì í lápá mú jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi ilẹ̀ náà fún àwọn afọ́kùúta, wọ́n sì pa ìwé ìwádìí dé.

Ní ọjọ́ kejì, Adégbìtẹ́ gbé ẹ̀rọ náà padà lọ bá Sùfí tìbínú-tìbínú. Sùfí tú u wò, ó sì káwọ́ lérí.

"Alága, ọ̀nà tí rédíò ń gbà wọ inú rẹ̀ dá ṣáká. Ọ̀nà tí àwo ń gbà wọlé ni apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí n fi àwo dán an wò, ìṣẹ́jú kan ni à bá fi mọ̀."

Ó gbé èyí kékeré náà tẹ̀lé e wá sí Òkè-Ìyeyè, ó sì so ó pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Ìlú péjọ. Ọlátóún béèrè, ègbè sì ya jáde láti apá ọ̀tún bí òjò àkọ́rọ̀, ohùn ogójì obìnrin tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà nínú ilẹ̀. Àwọn ọmọ gbọ́ ohùn ìyá wọn. Nígbà tó kan oko ìdí àràbà, ohùn kan ga ju ti àwọn yòókù lọ, Adégbìtẹ́ sì mọ̀ ọ́n: ìyá tó bí i ló ń dárúkọ oko rẹ̀. Katakata àwọn afọ́kùúta ti ń hó nínú oko náà gan-an.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àyọ̀ká. "Màmá, mo ti pa wá."

"Dìde," ni obìnrin náà wí. Omi ń dà lójú òun náà. "Àwọn tó gbà á ló jí i. Ṣùgbọ́n ojú la fi ra ohun tí etí fẹ́ jẹ, a sì fi kún ẹrù fún olè."

Wọn kò rí ilẹ̀ náà gbà padà títí di òní. Ohun tí Àyọ̀ká sọ lọ́jọ́ náà ló kù fún wọn, òun náà ló sì di òwe tí àgbà ibẹ̀ fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń lọ yan ẹ̀rọ, ọ̀rẹ́, tàbí aṣojú, pé: a kì í fi ojú ra ohun tí etí yóò jẹ.