Epo Inú Kànga Láoyè

Ní ìlú Ìlọ́rò, bí ire bá ṣàdédé já lu ènìyàn tó sì bẹ̀rẹ̀ sí jó, àgbà kan yóò rọra sọ pé, "Bí o bá bá epo nínú kànga, má tíì dúpẹ́, yẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ wò." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á ranjú mọ́ olówe. Ta ni yóò rí epo he tí kò ní dúpẹ́? Kí sì ló kan ẹ̀yìnkùlé nínú ọ̀rọ̀ kànga? Ẹni tó bá mọ Láoyè nìkan ló mọ ìdí rẹ̀.

Láoyè ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá rí lẹ́ẹ̀kan, òun ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó lawọ́ sí omi: kànga ilé rẹ̀ kì í gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ará àdúgbò Ìdí-Àfọ̀n ló sì ń pọn níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́dé, fa omi, ó sì gbé korobá náà wá síwájú rẹ̀.

"Bàbá Bọ́dé, ẹ gbóòórùn omi yìí wò."

Láoyè tẹ imú sí i. Ohun kan ń dán lójú omi náà bí òṣùmàrè. Ó mú àkísà, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, ó gbé e lọ síta gbangba, ó ṣá ìṣáná sí i. Iná sọ bùlà, ó sì kó ìdajì irùngbọ̀n rẹ̀ lọ.

Ó fọwọ́ pa ìdajì tó kù, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́dé, epo rọ̀bì nìyí. Ọlọ́run ti yà sílé wa."

"Kí ni kí n wá fi se ẹ̀wà?"

"À ń sọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, ò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà."

Kó tó di ọ̀sán, ó ti fi páànù bo kànga, ó ti fi àgádágodo tì í. Àwọn aládùúgbò ń rìn lọ sódò ìsàlẹ̀ ìlú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó dé iwájú pẹpẹ. Láti ìgbà náà, bí o bá kí i ní Bàbá Bọ́dé, kò ní jẹ́. Alépo ló ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí wọ́n wá wọn epo òun.

Ìyá Súnbọ̀, opó kan tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ti Láoyè, wá bá a.

"Alépo, kànga tèmi náà ti ń rùn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fi wẹ̀, gbogbo ara wọn ló lé."

Láoyè rò ó wò. "Epo mi ló ṣàn dé ọ̀dọ̀ yín. Màá fún yín ní tiyín níbẹ̀."

"Omi ni mo ní tẹ́lẹ̀," ni Ìyá Súnbọ̀ wí. "Omi náà ni mo fẹ́." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìjọba rán obìnrin kan wá, Fadérera lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ilẹ̀ àti omi wò. Lébìrà méjì tẹ̀lé e pẹ̀lú irin gígùn tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran, Ìyá Súnbọ̀ náà sì gbé omi kànga tirẹ̀ wá. Fadérera bu omi kànga sínú ìgò kékeré, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sí Láoyè.

"Bàbá, èyí kì í ṣe epo rọ̀bì. Bẹntiróò ni, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé epo. Kì í hù nínú ilẹ̀. Ǹjẹ́ táńkì kankan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbí, sà?"

"Rárá o," ni Láoyè wí, ṣùgbọ́n irọ́ ló pa.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí epo wọ́n, ó ra àlòkù táńkì, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó rọ bẹntiróò kún un. Ó ń dúró kí epo tún wọ́n sí i kó tó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n epo pọ̀ padà nílé epo. Ojú tì í, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí orí rẹ̀ ká. Ìyá Bọ́dé pàápàá kò mọ̀, nítorí ó lọ tọ́jú ọmọ tuntun lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí Láoyè ń sọ fún ara rẹ̀ báyìí ni pé táńkì tí òun san owó kí wẹ́dà jó ojú ihò rẹ̀ pa kò lè jò.

Wọ́n lu ihò àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Fadérera gbóòórùn erùpẹ̀ tó bá irin jáde: erùpẹ̀ lásán. Wọ́n lu òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga: ó ń rùn. Wọ́n lu ẹ̀kẹta lẹ́yìn ilé ìdáná: èyí rùn débi pé lébìrà kan sín. Bí irin ti ń sún mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òógùn ń bọ́ lára Láoyè nínú ọyẹ́.

"Ọmọ mi, ẹ má débẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ la sin ìyá ìyá mi sí."

Ìyá Bọ́dé wò ó. "Bàbá Bọ́dé, Ìbàdàn ni wọ́n sin màmá sí. Èmi ni mo se ìrẹsì ọjọ́ náà."

"Bàbá bàbá mi ni mo fẹ́ sọ."

"Ìyẹn náà ò kú sílé yìí."

Fadérera ò rẹ́rìn-ín. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wò, bó ti pọ́n tó sì ti gbẹ. Ó ní kí wọ́n lu ibẹ̀. Irin wọlẹ̀ títí, ó ró gbàn-ùn. Wọ́n fi ṣọ́bìrì wa erùpẹ̀ kúrò. Ìpẹtà ti dá táńkì náà lu bí ajere, epo inú rẹ̀ kò sì tó ìdajì mọ́.

"Bàbá, ilẹ̀ kì í ṣe àwo," ni Fadérera wí. "Ohun tó bá jò sí i, omi abẹ́ ilẹ̀ á gbé e rìn. Ó gba kànga yín, ó gba ti ìyá yìí. A ó kó erùpẹ̀ yìí kúrò, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mu omi kànga méjèèjì."

Ìyá Súnbọ̀ kò bú Láoyè, kò sì ṣépè.

"Ẹ ní ẹ ó fún mi ní tèmi níbẹ̀," ló wí. "Mo ti rí i gbà."

Láoyè kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yá ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó to dírọ́ọ̀mù sí i, ó lọ pọn omi lẹ́yìn ìlú. Ilé Ìyá Súnbọ̀ ló kọ́kọ́ yà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, títí òjò fi dé.

Níjọ́ kan, bó ti ń da omi sínú ìkòkò opó náà, ìyá náà bi í pé, "Bàbá Bọ́dé, ọgbọ̀n ọdún lẹ fi wakọ̀. Ẹ mọ òórùn bẹntiróò ju gbogbo wa lọ. Báwo lẹ ṣe pè é ní epo rọ̀bì?"

Láoyè gbé korobá sílẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, ìyá. Ńṣe ni mo sáré dúpẹ́, kí n má baà lọ yẹ ẹ̀yìnkùlé mi wò."

Ẹnu Ìyá Súnbọ̀ ni ìlú ti gbọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tí ọpẹ́ rẹ̀ bá ti yá jù pé: bí o bá bá epo nínú kànga, má tíì dúpẹ́; yẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ wò.