Ìdí Tí Ọ̀dùnkún Fi Ń Rá Nílẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹsẹ̀ Ọ̀dùnkún ṣì gbé e, lóòró ló máa ń dúró bí Ẹ̀gẹ́, aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ọ̀dùnkún bí, ó bí, kò rí ọmọ kan tọ́ dàgbà. Èso wẹ́wẹ́ ló ń bí nígbà náà. Bó bá ti bí wọn, a kó wọn fún Afẹ́fẹ́ pé kó bá òun wá ibi tó dára fún wọn. Afẹ́fẹ́ a dà wọ́n sórí àpáta, ẹyẹ a ṣà wọ́n jẹ.

"Ẹ wo orí mi," ni Ọ̀dùnkún yóò wí, ẹkún lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. "Ẹni tí kò nílé ni mo ní kó bá mi wá ilé fọ́mọ. Mo tún jókòó, mò ń retí pé yóò mú ìròyìn bọ̀."

Ní ọdún kan, ó bí ọmọ tí kì í ṣe èso. Ọmọ náà yọ ní ìdí ewé rẹ̀, ìwọ́ rẹ̀ sì so mọ́ ìyá rẹ̀ lára. Ọ̀dùnkún sọ ọ́ ní Málọmọ́.

Àwẹ̀ró ló ń gbẹ̀bí fún gbogbo ewéko inú ọgbà rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ wá láti gé ìwọ́ náà, kó sì rì í mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti í ṣe fún ọmọ tuntun.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má gé e," ni Ọ̀dùnkún bẹ̀bẹ̀. "Èyí tí mo so mọ́ra nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà."

Àánú ṣe Àwẹ̀ró. "Ó dáa. Bó o bá ṣe tán, pè mí."

Ọ̀dùnkún wá gbé ọmọ sókè réré. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí ikán, nítorí adìyẹ, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ọmọ ń tóbi, ẹ̀yìn ìyá ń tẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, sọ ọmọ yìí kalẹ̀," ni Ẹ̀gẹ́ wí. "Omi tí ò ń rí kò tó ẹnì kan, ẹ̀yin méjì lẹ sì ń mu ún."

"Ìgbà tó o bá sin ọmọ tó iye tí mo sin, kó o wá kọ́ mi ní ọmọ títọ́."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ewé Málọmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹ̀rù ba Ọ̀dùnkún, ó tún gbé e sókè sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ṣubú gbalaja, òun tọmọtọmọ, Málọmọ́ sì balẹ̀ síbi tí Àwẹ̀ró ti máa ń fọ abọ́.

Ọ̀dùnkún gbìyànjú títí, kò lè dìde. "Afẹ́fẹ́ ló pa àwọn yòókù," ló ń sunkún. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa èyí."

Ó sùn síbẹ̀, ó ń retí ikú. Ikú kò dé. Omi ló ń dé, ó ń gba inú ìwọ́ wọ̀ ọ́ lára. Ó yà á lẹ́nu. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra kó lè wò ó, ọmọ kò tẹ̀ lé e.

"Ìyá mi, ẹ má fà mí mọ́," ni Málọmọ́ wí. "Ẹsẹ̀ mi ti wọlẹ̀. Ẹ ṣáà máa mu omi."

Ọ̀dùnkún bú sẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí. "Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi ò tíì dàgbà, mo ti ń mu ún. Mo gbé ọmọ sókè kí ilẹ̀ má baà jẹ ẹ́, àṣé ilẹ̀ ló fẹ́ bọ́ ọ."

Ó pe Àwẹ̀ró pé kó mú ọ̀bẹ náà bọ̀. Ó dijú. Àwẹ̀ró gé ìwọ́. Nígbà tí Ọ̀dùnkún máa lajú, ewé Málọmọ́ tutù yọ̀yọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀dùnkún kò ti dìde mọ́. Ó ń rá nílẹ̀ kiri, ibi tí oríkèé rẹ̀ bá sì kàn, ibẹ̀ ló ń fi ọmọ sí títí yóò fi ta gbòǹgbò. Àwọn àgbẹ̀ ń gé ìtàkùn rẹ̀ lọ gbìn, kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé e, ẹ ó rí oje funfun tó ń sun lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Ọmú ni. Ìyá náà kò tíì gbà pé ọmọ rẹ̀ ti yó.